Rírẹ Ewé Olóòórùn Sínú Òróró Ólífì Nínú Ilé

Ní Ítálì, Gíríìsì àti àwọn ilẹ̀ mìíràn tí ó yí Òkun Mẹditaréníà ká, òróró ólífì, èyí tí wọ́n ń fún láti ara èso igi ólífì, ni wọ́n fi ń se oúnjẹ, tí wọ́n sì ń wọ́n sórí búrẹ́dì; wọn a sì máa rẹ ewé bíi rosemary, thyme àti basil, tí í ṣe mọ̀lẹ́bí ẹfinrin, sínú rẹ̀, nítorí pé èròjà tí ń ta sánsán lára ewé a máa yọ́ mọ́ òróró ju omi lọ.

Ìgò òróró tí ẹ̀ka ewé tútù dúró ṣánṣán nínú rẹ̀ wu ojú, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ó léwu jù. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Clostridium botulinum. Inú ilẹ̀ ni ó ń gbé, láti ibẹ̀ ni ó sì ti ń lẹ̀ mọ́ ewé àti aáyù. Ibi tí omi wà, tí afẹ́fẹ́ kò sì dé, ni ó ti ń gbilẹ̀, ohun kíkan kò sì bá a lára mu. Omi wà lára ewé tútù, òróró sì ti dí ọ̀nà afẹ́fẹ́. Nígbà náà ni kòkòrò yìí lè máa pọ̀ sí i, kí ó sì tú májèlé tí kò ní òórùn, tí kò ní ìtọ́wò, tí ó sì lè sọ iṣan ara di aláìlágbára, títí kan èyí tí ènìyàn fi ń mí. Aáyù inú òróró dá irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Vancouver ní Kánádà ní 1985, àti ní ìpínlẹ̀ New York ní 1989, kí ìjọba Amẹ́ríkà tó pàṣẹ pé kí àwọn tí ń ṣe é tà máa fi èròjà kíkan sí i. Gbígbé e kaná kò tán ọ̀ràn náà, nítorí pé hóró tí kòkòrò náà fi ń pa ara rẹ̀ mọ́ kì í kú nínú omi híhó.

Nítorí náà, ewé tí ó gbẹ dé ibi tí ó ti ń rún lọ́wọ́ ni ó yẹ alásè inú ilé. Yóò kó o sínú ìgò mímọ́ tí kò ní ẹ̀kán omi kankan, yóò da òróró bò ó, yóò dé e, yóò sì gbé e síbi tí ó ṣókùnkùn, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ a máa ba òróró ólífì jẹ́. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, yóò tọ́ ọ wò, yóò sì sẹ́ ewé kúrò. Ẹni tí kò lè ṣe aláìlo ewé tútù tàbí aáyù gbọ́dọ̀ ṣe ìwọ̀nba, kí ó gbé e sínú fíríìjì, kí ó má sì jẹ́ kí ó kọjá ọjọ́ 4. Òróró náà lè dì níbẹ̀, kí ó sì dàbí ẹni pé ó rú, ṣùgbọ́n kò bàjẹ́. Bí ó bá kúrò nínú òtútù, yóò tún mọ́ gaara.