Àwòrán Àyà àti Ikọ́ Ẹ̀gbẹ Lára Àwọn Ọmọdé

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin baba, àti gbogbo ẹ̀yin alàgbà Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò, ọ̀ràn tí a fẹ́ sọ lónìí kan gbogbo ilé tí ọmọdé bá wà. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn rò pé àrùn àgbàlagbà ni, àti pé bí ọmọ bá ń wúkọ́ tí ó sì ń rù, aràn ni, tàbí ibà, tàbí pé eyín ni ọmọ náà ń hù. Èrò yìí ti mú kí àwọn òbí sin ọmọ tí ó yẹ kí ó sin wọ́n.

Ní ìkànìyàn ọdún 2006, a ka ènìyàn tí ó ju 1,200,000 lọ ní Alímọ̀ṣọ́. Ilé há mọ́ ilé. Ẹni márùn-ún tàbí mẹ́fà a sì máa sùn nínú yàrá kan. Inú afẹ́fẹ́ ni àrùn yìí sì ń gbà rìn. Bí àgbàlagbà tí ó ní i bá wúkọ́, kòkòrò àrùn náà, tí Robert Koch ará Jámánì kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1882, a tàn ká yàrá. Ọmọ tí ó sùn nítòsí a sì fà á símú.

Ẹ lè béèrè pé: èéṣe tí a kò fi yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ọmọ náà wò bí ti àgbàlagbà? Ìdí rẹ̀ ni pé ọmọ kékeré kò mọ bí a ti í wú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tu. Gbígbé ni í gbé e mì. Bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò náà kì í pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé. A lè fa omi inú ikùn rẹ̀ jáde ní òwúrọ̀, a sì lè fi ẹ̀rọ yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò. Síbẹ̀ nígbà púpọ̀ a kì í rí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni àrùn wà lára ọmọ.

Níhìn-ín ni àwòrán àyà ti wúlò. Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1895, Wilhelm Röntgen, ará Jámánì pẹ̀lú, rí ìtànṣán X-ray. Ìtànṣán yìí a máa la afẹ́fẹ́ kọjá láìsí ìdènà, ṣùgbọ́n egungun a dá a dúró. Nítorí náà ẹ̀dọ̀fóró tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ a hàn ní dúdú, egungun ìhà a sì hàn ní funfun. Níbi tí àrùn bá gbé dí ọ̀nà afẹ́fẹ́, funfun a hàn níbi tí ó yẹ kí ó dúdú. Lára ọmọdé, àwọn kókó kéékèèké tí ń gbógun ti àrùn, tí wọ́n wà ní ìdí ẹ̀dọ̀fóró, a máa wú. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ya àwòrán méjì, ọ̀kan láti iwájú, èkejì láti ẹ̀gbẹ́. Nígbà mìíràn a rí èéta kéékèèké bí ọkà bàbà tí a fọ́n ká gbogbo ẹ̀dọ̀fóró. Èyí léwu gidigidi, a kò sì gbọdọ̀ fi ìtọ́jú rẹ̀ falẹ̀.

Ṣùgbọ́n òjìji ni àwòrán ń fi hàn. Kò sọ orúkọ ẹni tí ó ni òjìji. Òtútù àyà lè jọ ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn egungun àárín àyà ọmọ ọwọ́ tí ó lè dàbí ohun tí ó wú. Bí ọmọ bá sì ń yí ara, àwòrán a dàrú. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i ní ọdún 2021 pé kí kọ̀ǹpútà máa ka àwòrán àyà, ẹni ọdún 15 sókè ni wọ́n fi mọ. Nítorí náà oníṣègùn a tún béèrè pé: Ta ní ń wúkọ́ nínú ilé? Ikọ́ náà ha ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ? Ọmọ ha ń wúwo sí i, tàbí ó ń fúyẹ́? Bí àwòrán bá mọ́, tí àwọn àmì wọ̀nyí sì wà, kí a má ṣe sọ pé ara ọmọ ti dá. Bí X-ray kò bá sì sí nítòsí, ìlànà ọdún 2022 ti Àjọ náà gba oníṣègùn láyè láti fi àwọn àmì náà ṣe ìpinnu, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

Àwọn ìyá kan ń bẹ̀rù pé ìtànṣán náà yóò ba ọmọ jẹ́. Ìwọ̀n tí ó wà nínú àwòrán àyà kan kò ju èyí tí ara ń gbà láti inú ilẹ̀ àti láti òfurufú láàrin ọjọ́ mélòó kan. Aboyún nìkan ni kí ó má ṣe di ọmọ mú nígbà tí a bá ń yà á. Kí ẹlòmíràn bá a dì í mú.

Abẹ́rẹ́ BCG tí a ń gún fún ọmọ tuntun ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ tí ó le jù, ṣùgbọ́n kò dènà gbogbo rẹ̀. Àrùn náà ní ìwòsàn. Oṣù mẹ́fà ni ọmọ a máa lo oògùn. Láti ọdún 2022 sì ni Àjọ náà ti fọwọ́ sí oṣù mẹ́rin fún ọ̀pọ̀ ọmọ tí àrùn wọn kò le. Ọ̀fẹ́ ni oògùn náà ní àwọn ilé ìtọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ ti ìjọba.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí a bá rí ikọ́ ẹ̀gbẹ lára àgbàlagbà kan nínú ilé yín, ẹ kó gbogbo ọmọ ilé náà lọ fún àyẹ̀wò, àní àwọn tí kò wúkọ́ pàápàá, nítorí oògùn wà tí ń dènà àrùn náà kí ó tó jí. Ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba wà ní Ìgàndò. Kò jìnnà sí yín. Àwọn àgbà ní àìtètè mólè, olè ń mú olóko. Ẹ má ṣe jẹ́ kí olè yìí mú ọmọ yín.