Fífẹ̀ Òpó àti Gíga Ìlà nínú Ìwé Owó Ẹgbẹ́ Lórí Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn akọ̀wé nìkan, ṣùgbọ́n owó gbogbo wa ló dá lé. A bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣí ojú ewé yìí kọjá.

Nígbà tó jẹ́ pé inú ìwé lẹ́jà nìkan ni a ń kọ owó sí, kò sí akọ̀wé tó ń ronú nípa bí òpó ṣe fẹ̀ tó. Àwọn tó tẹ lẹ́jà ti fa ìlà rẹ̀ tán kí ó tó dé ọwọ́ wa. Ní ayé pọ́n-ùn, òpó mẹ́ta ni wọ́n máa ń fà fún owó: ti pọ́n-ùn, ti ṣílè àti ti pẹ́nì. Nígbà tí náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, ó di òpó méjì, ti náírà àti ti kọ́bọ̀. Nísinsìnyí, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ní Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàǹdó ti ń kó ìwé owó wọn sórí kọ̀ǹpútà, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń ṣe é lórí fóònù. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló wá di ẹni tó ń fa ìlà. Ẹni tí kò bá mọ ìlà fà dáadáa, owó lè pé lọ́wọ́ rẹ̀ kí ìwé rẹ̀ má pé lójú ọmọ ẹgbẹ́.

Òpó ni èyí tó ti òkè lọ sí ìsàlẹ̀, lẹ́tà A, B, C ni a fi ń pè é. Ìlà ni èyí tó ti òsì lọ sí ọ̀tún, nọ́ḿbà 1, 2, 3 ni a fi ń pè é. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni àpótí tí a ń kọ nǹkan sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di èyí mú: ohun tó wà nínú àpótí àti ohun tí ojú ń rí lórí rẹ̀ kì í fi ìgbà gbogbo jẹ́ ọ̀kan náà. Bí òpó bá há, ẹ̀rọ kò ní sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ nù, ṣùgbọ́n ó lè máà fi gbogbo rẹ̀ hàn yín.

Nínú Excel, òpó ìwé tuntun sábà máa ń gba bíi nọ́ḿbà mẹ́jọ péré. Ẹ wá wo ₦12,450,000.00, tí kì í ṣe owó ńlá mọ́ fún ẹgbẹ́ tó ní igba ọmọ ẹgbẹ́. Bí ẹ bá ka nọ́ḿbà, kọ́mà, àmì tó ṣáájú kọ́bọ̀ àti àmì náírà pọ̀, mẹ́rìnlá ni. Bí òpó kò bá gbà á, ẹ̀rọ yóò kọ ####### dípò rẹ̀. Àwọn kan máa ń bẹ̀rù àmì yìí, wọ́n á ní ìwé ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ o. Lójú tiwa, olóòótọ́ ni àmì yìí, nítorí ó ń sọ gbangba pé, "Owó wà níbí, ẹ fún mi láyè."

Èyí tí kò sọ̀rọ̀ ló burú. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ kan yá ₦50,000, tí yóò san án ní oṣù méjìlá. Kí a fi ti èlé sílẹ̀ ná. Oṣù kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ ₦4,166.67. Bí akọ̀wé kò bá sọ fún ẹ̀rọ pé owó ni, tí òpó náà sì há débi pé nọ́ḿbà mẹ́rin péré ló gbà, ẹ̀rọ kò ní kọ ###. Yóò gé kọ́bọ̀ kúrò, yóò sì kọ 4167. Àpapọ̀ tí ẹ̀rọ ṣe ní ìsàlẹ̀ yóò jẹ́ 50,000, nítorí iye tó wà nínú àpótí ló ń rò pọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹgbẹ́ tó bá mú bírò tó ròó lórí ìwé tí a tẹ̀ fún un yóò rí 50,004. Náírà mẹ́rin péré ni, àmọ́ ẹni tó bá ti jókòó rí ní ìpàdé gbogboogbò mọ ohun tí náírà mẹ́rin lè dá sílẹ̀.

Orúkọ náà ńkọ́? Bí àpótí tó tẹ̀ lé orúkọ bá ṣófo, orúkọ gígùn yóò ṣàn wọ inú rẹ̀. Bí nǹkan bá ti wà níbẹ̀, ẹ̀rọ yóò gé e níbi tí ààyè tán sí. Ẹ sì mọ bí orúkọ tiwa ṣe rí. Adéyẹmí Olúwaṣeun àti Adéyẹmí Olúwatóyìn yóò di "Adéyẹmí Olúwa" méjì, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, akápò á sì kọ owó ẹnìkan sí orúkọ ẹlòmíràn. Nọ́ḿbà àkáǹtì báńkì, tó jẹ́ mẹ́wàá, lè di ohun bíi 2.04E+09 bí òpó rẹ̀ bá há. Ẹnikẹ́ni kò lè fi ìyẹn sanwó sí báńkì.

Bí a ṣe ń tún un ṣe kò le rárá. Ẹ gbé àmì ìtọ́ka sórí ààlà tó wà láàárín lẹ́tà méjì lókè, yóò di ọfà olórí méjì. Ẹ tẹ máòsì mọ́lẹ̀, kí ẹ fà á sí ọ̀tún. Bí ẹ bá tẹ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, òpó náà yóò fẹ̀ tó ohun tó gùn jù nínú rẹ̀; ẹ ṣọ́ra kí ó má jẹ́ pé àkọlé gígùn tí ẹ kọ sókè ni yóò fi ṣe òṣùwọ̀n. Bí ẹ bá fẹ́ iye pàtó, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ lẹ́tà òpó náà, kí ẹ yan Column Width, kí ẹ kọ iye. Fún òpó oṣù méjìlá, ẹ yan gbogbo wọn pọ̀ kí ẹ tó kọ ọ́, wọn yóò sì bára dọ́gba. Lọ́dún 1979 tí Dan Bricklin àti Bob Frankston gbé VisiCalc jáde, kò sí òmìnira yìí rárá: bákan náà ni gbogbo òpó gbọ́dọ̀ fẹ̀. Ohun tí a máa ń dámọ̀ràn ni 5 fún nọ́ḿbà ìtẹ̀léra, 12 fún ọjọ́, 32 fún orúkọ, 16 fún owó àti 14 fún nọ́ḿbà fóònù tàbí ti báńkì.

Ti ìlà kò lọ títí. Point ni a fi ń wọn gíga rẹ̀, 72 rẹ̀ ló wà nínú íńṣì kan. Bí ẹ bá ti fi ọwọ́ ara yín ṣètò gíga ìlà, ẹ̀rọ kò ní gbé e sókè mọ́ fún yín, àmì ohùn orí orúkọ sì lè gé kúrò. Ibi tí ó ti ṣe pàtàkì jù ni ìwé tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò fọwọ́ sí nígbà tí a bá ń pín èrè. Point 15 kò gba ìka àtàǹpàkò ẹnikẹ́ni. Ẹ fún un ní 60, tó lé díẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà méjì, kí ìtẹ̀ka màmá kan má baà bo orúkọ ẹni tó tẹ̀ lé e.

Èyí tó kù yìí, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ni a ń bá wí. Òpó tí fífẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 0 ti di òpó tí a fi pamọ́. Kò sí lójú, ṣùgbọ́n owó inú rẹ̀ ṣì ń wọ inú àpapọ̀. Láti ọdún 1935 tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti kọ́kọ́ wáyé ní Nàìjíríà ni ó ti di dandan pé kí a máa yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò lọ́dọọdún, a kò sì lè yẹ ohun tí a kò rí wò. Nítorí náà, kí a tó ka iye owó kankan, lẹ́tà òkè ni a máa ń kà. Bí ó bá ti D fò sí F, a ó béèrè E. Ó lè jẹ́ pé akọ̀wé fẹ́ kí ìwé mọ́ lójú ni. Ó sì lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni ẹ̀yáwó àwọn ìgbìmọ̀ wà. Ẹ yan D àti F pọ̀, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, kí ẹ yan Unhide. Ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n bá fún ní ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ fò lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè, kí ẹnikẹ́ni má sì pe ìbéèrè náà ní àfojúdi.

Tó bá ku títẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ẹ dá A4 dùbúlẹ̀, kí ìbú rẹ̀ lè jẹ́ mílímítà 297 dípò 210. A lè pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé kí ó kó gbogbo òpó sójú ewé kan, ṣùgbọ́n lẹ́tà á kéré débi pé àwọn àgbà wa kò ní lè kà á. Ó sàn kí ó jẹ́ ewé méjì, kí ẹ lo Print Titles kí òpó orúkọ lè hàn lórí méjèèjì. Kí ẹ tó gbé fáìlì náà jáde nílé, ẹ sọ ọ́ di PDF. Irú lẹ́tà tí ẹ̀rọ ń lò ni ó fi ń wọn fífẹ̀ òpó, bí kò bá sì sí lẹ́tà yẹn lórí kọ̀ǹpútà ibi tí ẹ ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́, owó tó hàn ketekete nílé lè di ### ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ẹ̀bá ọjà Ìkòtún.