Ààrò Sodabi Nílẹ̀ Adja-Ouèrè

Ẹni tó bá gba ọ̀nà oko jáde kúrò ní Ikpinlè lówùúrọ̀, nígbà tí ìrì kò tíì gbẹ lórí koríko, yóò gbóòórùn ààrò sodabi kí ojú rẹ̀ tó rí i. Òórùn náà dùn díẹ̀, ó kan díẹ̀, èéfín igi sì dà pọ̀ mọ́ ọn. A tẹ̀ lé e títí a fi dé abẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ kan, níbi tí àgbà ọkùnrin kan àti ọmọ àbúrò rẹ̀ ti ń dáná sábẹ́ àgbá. A ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá." Ó dáhùn pé, "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin èèyàn wa," ṣùgbọ́n kò gbójú kúrò lára iná.

Kò sí ohun kan lára ẹ̀rọ wọn tí a rà ní tuntun. Àgbá irin onílítà 200 ni ìkòkò rẹ̀. Òróró jíjẹ ni wọ́n fi ń gbé tẹ́lẹ̀ kó tó di tiwọn. Àgbá kejì, tí wọ́n ti gé ojú rẹ̀ kúrò, ni omi tútù wà nínú rẹ̀. Ọ̀pá bàbà oníhò tó so méjèèjì pọ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tú fìríìjì tó ti bàjẹ́ ká. Amọ̀ tí wọ́n fi eérú pò ni wọ́n fi lẹ etí ìdérí kí ooru má baà sá. Lábẹ́ ẹnu ọ̀pá náà, ṣágo aláwọ̀ ewé kan dúró, àrọ tí wọ́n gé lára ìgò oníke sì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ìmọ̀ tó wà nínú iṣẹ́ yìí kò pọ̀ lórúkọ, ó pọ̀ lójú. Ọtí líle máa ń hó nígbà tí ooru bá dé ìwọ̀n 78 lórí òṣùwọ̀n Celsius, omi a sì dúró di 100. Bí iná bá rọra mú ẹmu tó ti kan gbóná, ọtí inú rẹ̀ ni yóò pọ̀ jù nínú ooru tó kọ́kọ́ gòkè. Ooru náà yóò wọ inú ọ̀pá, ọ̀pá yóò gba inú omi tútù kọjá, ooru yóò padà di omi, yóò sì máa kán tó, tó, tó sínú ṣágo. Bí iná bá le jù, ẹmu fúnra rẹ̀ yóò hó wọ inú ọ̀pá. Bí omi inú àgbá kejì bá sì gbóná, ooru yóò jáde láìdi omi, èyí tó jáde náà sì lè gbaná mọ́ni lójú. Ìdí nìyí tí àgbà náà fi kí wa láìwò wá.

Ní Quebec, ní ilẹ̀ Kánádà, àwọn àgbẹ̀ náà ń gba omi ara igi. Érable ni wọ́n ń pe igi ọ̀hún lédè Faransé. Nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n á lu ara igi náà, wọ́n á sì se omi rẹ̀ títí nǹkan bí lítà 40 yóò fi di lítà kan oje dídùn. Àwọn mìíràn nínú wọn ń fi àgbá àlòkù ṣe ààrò lẹ́yìnkùlé gẹ́gẹ́ bí tiwa. Wọ́n jẹ́ kí ooru lọ, wọ́n gba ohun tó kù nísàlẹ̀. Àwa gba ooru, a sì da ohun tó kù nísàlẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n igi tiwọn ṣì dúró, yóò tún mú omi wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ọ̀pẹ tiwa ti wó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Ní ibi púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, igbà ni adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ lóòró. Níhìn-ín, a máa ń wó o ni. A ó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, a ó gé imọ̀ rẹ̀ kúrò, a ó gbẹ́ ihò sí ọrùn rẹ̀, a ó sì máa fi ògùṣọ̀ yán ojú ihò náà kí omi rẹ̀ lè máa sun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó tán. Bí ọ̀pẹ bá ti gbó tí kò so mọ́, kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Ó sàn kí ó fún wa ní ẹmu ju kí ó jẹrà lásán. Èyí tí a kò fara mọ́ ni ti àwọn tí ń wó ọ̀pẹ eléso nítorí pé owó ilé-ìwé ọmọ ti tó san. Ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobè, lẹ́bàá wa níhìn-ín, láti 1922. Bí a bá tilẹ̀ gbin irúgbìn àtàtà lónìí, yóò tó bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin kí a tó rí eyín rẹ̀ gbé wálé.

Orúkọ ènìyàn ni ọtí náà ń jẹ́. Ìtàn sọ pé Bonou Kiti Sodabi, ọmọ Dahomey, bá wọn ja Ogun Àgbáyé Kìíní nílẹ̀ Faransé, ibẹ̀ ló sì ti rí bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń se ọtí èso. Nígbà tó dé, ó gbìyànjú rẹ̀ lórí ẹmu. Àwọn ìjọba amúnisìn kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Nínú àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Saint-Germain-en-Laye ní ọjọ́ 10 Oṣù Kẹsàn-án 1919, wọ́n ka síse ọtí líle léèwọ̀ ní àwọn ilẹ̀ wọn ní Áfíríkà, ṣùgbọ́n wọn kò dí ọ̀nà mọ́ gbogbo ọtí òkèèrè, èyí tó ń mú owó bodè wá fún wọn. Lójú tiwa, kò yani lẹ́nu pé ẹ̀rọ tí a lè tú palẹ̀ kíákíá, tí a sì lè gbé wọ igbó, ni àwọn baba wa yàn.

A bi ọ̀dọ́kùnrin náà léèrè ibi tó ti rí àgbá. Ó rẹ́rìn-ín, ó wo ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Àgbá tó kọ́kọ́ rà kò wọ́n rárá, ó sì nípọn dáadáa. Nígbà tó gbé e délé, àgbà náà fọwọ́ ra ara rẹ̀, ó rí àmì agbárí òkú tí ọ̀dà ti bò: oògùn apakòkòrò ló ti wà nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́ náà bẹ̀bẹ̀ pé òun yóò fi iná jó inú rẹ̀, òun yóò fi yanrìn fọ̀ ọ́. Àgbà kọ̀ jálẹ̀, wọ́n fi òòlù lù ú ní àlùbolẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà fi ta omi, owó náà sì gbé. Àwọn kan tún ń fi rádíátọ̀ ọkọ̀ dípò ọ̀pá bàbà. Òjé ni wọ́n fi ń jó oríkèé rádíátọ̀ àtijọ́ pọ̀. Ọtí á máa wẹ òjé náà sínú ṣágo díẹ̀díẹ̀, ẹni tó ń mu ún kò sì ní mọ̀.

Kò sí ẹni tó lè sọ pé ìbẹ̀rù yìí pọ̀ jù. Ní Oṣù Kẹrin 2015, ní Òde-Ìrèlè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní Nàìjíríà, ènìyàn tó ju mẹ́wàá lọ kú lẹ́yìn tí wọ́n mu ògógóró. Ojú àwọn kan kọ́kọ́ fọ́. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Méthanol ni àyẹ̀wò rí. Ẹmu tí a sè lè ní in díẹ̀, ìdí nìyí tí àgbà ààrò fi ń da ife àkọ́kán nù, ṣùgbọ́n èyí tó ń pa odidi àdúgbò máa ń wá láti ọwọ́ oníṣòwò tó bu ọtí ilé-iṣẹ́ lú u kó lè pọ̀. Ojú kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀, imú kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ìṣáná tí a ń ṣá sí ọtí inú ṣíbí láti dán an wò yóò mú èyí, yóò sì mú tọ̀hún. Ohun kan ṣoṣo tí ẹni tó ń rà lè gbójú lé ni ẹni tó sè é.

Ní ìyálẹ̀ta, kíkán náà ti ń falẹ̀. Àgbà náà ti ọwọ́ bọ inú àgbá kejì, ó fà á yọ kíá. Ó ní, "Omi ti gbóná." Ọmọ àbúrò rẹ̀ gbé korobá méjì, ó sì gba ọ̀nà odò lọ.