Bí A Ṣe Ń To Ṣọ́ọ̀bù Tí A Ó Ti Máa Ṣe Gìtá

Ẹ jẹ́ ká fi káfíńtà kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Agbowó, ní ìlú Ìbàdàn. Ó mọ àga ṣe, ó sì mọ ilẹ̀kùn ṣe. Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin onígìtá kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun ṣe gìtá. Káfíńtà ṣe é nínú oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí òjò ń rọ̀ gan-an. Gìtá náà dára lójú, ohùn rẹ̀ sì dùn.

Nígbà tó di oṣù Kìíní, ọyẹ́ dé. Ojú gìtá là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Onígìtá gba owó rẹ̀ padà. Owó èsúsú tí káfíńtà fi ra pákó sì ṣòfò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ayé ló ń ṣe òun.

Kì í ṣe ayé o. Ibi tó to pákó rẹ̀ sí ni. Ó fi pákó ti ara ògiri tí òjò ń fọ́n sí, ó sì lẹ gìtá pọ̀ nígbà tí igi ṣì tutù. Bí a bá to ṣọ́ọ̀bù dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀, irú èyí kò ní í ṣẹlẹ̀ sí wa.

Igi ń mu omi

Bí a tilẹ̀ ti gé igi, tí a ti là á sí pákó, ó ṣì ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́. Nígbà òjò, ó ń mu omi, ó sì ń fẹ̀. Nígbà ọyẹ́, omi ń jáde lára rẹ̀, ó sì ń sún kì. Ìbú rẹ̀ ló ń yí padà. Gígùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà rárá.

Lára àga, èyí kò ṣe nǹkan púpọ̀, nítorí pákó àga nípọn. Ṣùgbọ́n ojú gìtá fẹ̀ tó íńṣì 15, kò sì nípọn ju ìpín kan nínú mẹ́jọ íńṣì kan lọ. Lẹ́yìn náà, a ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú rẹ̀ nínú. Bí ó bá fẹ́ sún kì, kò rí ọ̀nà. Ó di dandan kó là. Bẹ́ẹ̀ náà ni wáyà gìtá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń fà á. Bí a bá ro agbára wọn pọ̀, ó tó kílò 70. Ìyẹn ju àpò ìrẹsì kílò 50 lọ!

Igi tó wà nítòsí wa

Ní ọjà pákó Bódìjà, a lè rí oríṣiríṣi igi. Ọ̀gànwó dára fún ẹ̀yìn gìtá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti ọrùn rẹ̀. Ó tilẹ̀ ṣeé lò fún ojú rẹ̀. Igi afara náà dára. Ní ọdún 1958, ilé iṣẹ́ Gibson ní Amẹ́ríkà fi irú igi yìí ṣe gìtá oníná kan tó rí bíi lẹ́tà V. Korina ni wọ́n ń pe igi náà lọ́hùn-ún. Igi ilẹ̀ wa tí àwọn ẹlòmíràn ń ná owó gọbọi lé lórí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n bó ti wù kí igi dára tó, bí a kò bá rí ibi tó dára tò ó sí, yóò bàjẹ́.

Ọ̀nà kan ni kí igi máa tọ̀

Òfin tó ga jù nínú ṣọ́ọ̀bù nìyí: kí igi wọlé bíi pákó láti ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó sì jáde bíi gìtá láti ẹ̀gbẹ́ kejì, láìpadà sẹ́yìn. Bí a bá ń gbé igi kan náà kọjá níwájú ayùn nígbà mẹ́rin, a ń fi àkókò ṣòfò. Lọ́jọ́ kan, igi yóò gbá nǹkan, tàbí kí ayùn gé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́.

Ká sọ pé yàrá wa gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20, tó sì fẹ̀ ní 12. A lè pín in báyìí:

1. Ìta, lábẹ́ òrùlé páànù. Ibí ni ká ti máa fi ayùn rẹ́ pákó. Pákó tí a ń rà sábà máa ń gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Kò yẹ ká máa jà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ilé. Ẹ gé e kúrú níta kó tó wọlé. Bí pákó bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ẹ fi àyè mẹ́fà sílẹ̀ níwájú ayùn, kí ẹ sì fi mẹ́fà sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

2. Ibi ìtopákó. Ẹ má to pákó sílẹ̀, ẹ má sì fi ti ògiri. Ẹ gbé e sókè ní ẹsẹ̀ bàtà kan sí ilẹ̀. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín pákó kan àti èkejì, kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá.

3. Tábìlì iṣẹ́. Ààrin yàrá ni kó wà, kí ènìyàn lè rìn yí i ká. Gìtá kan gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti díẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí àyè wà láti yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

4. Ibi tí a ti ń tẹ ẹ̀gbẹ́ gìtá. A ń fi omi rin pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a sì ń tẹ̀ ẹ́ lórí páìpù gbígbóná. Iná àti omi wà níbí, nítorí náà kó jìnnà sí pákó gbígbẹ àti sí fáníṣì.

5. Yàrá kékeré tó ní ilẹ̀kùn. Ibí ni ká ti máa lẹ gìtá pọ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń wọn ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Ẹ gbé e kọ́ síbẹ̀. Àwọn tó ń ṣe gìtá ń fẹ́ kó wà láàárín 45 sí 55. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má lẹ nǹkan kan lọ́jọ́ náà.

6. Ibi fáníṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà àbájáde. Kí eruku má dé ibẹ̀, kí iná má sì dé ibẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn

Fèrèsé tó kọjú sí àríwá àti gúúsù ló dára jù. Bí fèrèsé bá kọjú sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn, oòrùn yóò máa ràn lé gìtá lórí, yóò sì mú kó ká.

Ní ọ̀pọ̀ oṣù inú ọdún, atẹ́gùn Ìbàdàn ń fẹ́ wá láti ọ̀nà òkun, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Nítorí náà, ẹ fi ayùn sí apá àríwá ìlà-oòrùn ṣọ́ọ̀bù, kí atẹ́gùn lè gbé eruku lọ. Nígbà ọyẹ́, atẹ́gùn á yí padà. Nígbà náà, ẹ pa fèrèsé apá ibi tí ayùn wà dé.

Ewu tó wà níbẹ̀

Lẹ́búlẹ́bú igi kì í ṣe ohun ìṣeré. Ní ọdún 1995, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lágbàáyé sọ pé ó lè fa jẹjẹrẹ imú. Ẹ bo imú. Ẹ gbálẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ sì kọ́kọ́ wọ́n omi díẹ̀ sílẹ̀ níta. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé tàbí sídìí fèrèsé. Èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn láìsí ariwo.

Ẹ kọ́kọ́ tò ó sórí ìwé

Kí ẹ tó gbé ohunkóhun, ẹ mú páálí kan. Ẹ jẹ́ kí íńṣì kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹ ya yàrá sórí rẹ̀. Ẹ gé páálí kéékèèké tó dúró fún tábìlì, ayùn àti ibi ìtopákó. Ẹ tò wọ́n, kí ẹ sì tún wọn tò. Lẹ́yìn èyí, ẹ mú òwú kan, kí ẹ fi tọ ipa ọ̀nà tí igi yóò gbà láti ẹnu ọ̀nà títí tí yóò fi di gìtá. Bí òwú bá ń gba orí ara rẹ̀ kọjá, ètò náà kò tíì dára. Ẹ tún un tò. Páálí kò wúwo, ṣùgbọ́n tábìlì wúwo.

Ìwé kíkọ náà wúlò níbí. Ẹ kọ orúkọ igi, ọjọ́ tí ẹ rà á àti ìwọ̀n rẹ̀ sára pákó kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ìwọ̀n náà kò bá dín mọ́, ẹ mọ̀ pé igi ti bá afẹ́fẹ́ ibẹ̀ mu. Àwọn baba wa ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bí káfíńtà wa tó wà ní Agbowó bá ṣe báyìí, gìtá rẹ̀ kejì yóò rí ọyẹ́, yóò sì rí òjò, kò sì ní í là. Ọmọkùnrin onígìtá yóò tún padà wá. Kì í ṣe owó ni yóò wá gbà mọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fẹ́ ra gìtá ni yóò mú wá.

Ìbéèrè

1. Kí ló fà á tí gìtá káfíńtà náà fi là?
2. Nínú igi, ìbú ló ń yí padà ni, tàbí gígùn?
3. Kí ni òwú ń fi hàn wá lórí páálí?
4. Ẹ ya ibi iṣẹ́ tiyín sórí ìwé. Kí ni ẹ óò kọ́kọ́ yí padà níbẹ̀?