Ọkọ̀ Tọ́bò Àlòkù: Ọ́ìlì Ni Ẹ̀mí Rẹ̀

Àwọn ọmọ wa ń fi owó iṣẹ́ òru ra ọkọ̀ eré àlòkù tó ní tọ́bò. Kò burú, àmọ́ ọkọ̀ yìí ò fẹ́ ìgbàgbé.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wò ó bóyá ó bá òfin ULEZ mu. Láti 29 August 2023 ló ti dé Thamesmead: £12.50 lójúmọ́ fún ọkọ̀ tí kò bá a mu. Road tax ẹni tó tà á kì í bá ọkọ̀ dé ọwọ́ yín. Ẹ san tiyín.

Èéfín ẹ́ńjìnnì ló ń yí tọ́bò, ó sì lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ọ́ìlì ni kì í jẹ́ kó jóná. Torí náà:

- Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fíltà ní kété tí ẹ bá rà á.
- Ẹ má tẹná mọ́ ọn kó tó gbóná.
- Lẹ́yìn eré, ẹ jẹ́ kó sinmi ìṣẹ́jú kan kẹ́ ẹ tó pa á.

Èéfín búlúù? Ọ́ìlì ló ń jó. Ó ń súfèé, kò lágbára? Páìpù afẹ́fẹ́ lè ti là. Iná ọ́ìlì pupa? Ẹ dúró níbi tí kò léwu, ẹ pa á, ẹ pe mẹkáníìkì.

Ẹni tó bá ṣahun ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì ni yóò rà.