Bóòtù Tí Ó Tú Nínú Ọkọ̀ Tuntun

Ní oṣù kejì ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ Porsche ní Jámánì kìlọ̀ fún àwọn tí ó ra 911 GT3 tuntun, ọkọ̀ asáré olówó gọbọi, pé kí wọ́n má wà á mọ́, nítorí méjì ti gbiná. Nígbà tí a yẹ ẹ́ńjìnnì wò, bóòtù tí ó de irin tí ó wà láàárín písítìnì àti kránkì ni ó tú. Irin náà bọ́, ó lu ara ẹ́ńjìnnì fọ́, ọ́ìlì tú jáde, ó sì gbiná. Ta ni yóò fi ojú lásán rí irú àbùkù bẹ́ẹ̀? Wọn kò fi mọ sí títún bóòtù dè. Ẹ́ńjìnnì tuntun, tí a ti pààrọ̀ irú bóòtù inú rẹ̀, ni wọ́n fi sí gbogbo ọkọ̀ 785 náà, títí kan èyí tí kò tíì bàjẹ́ rárá.