Orúkọ tí Olùkọ́ ń Fún Ìwà Ọmọ: Àpẹẹrẹ Ìlú Jos

Orúkọ tí olùkọ́ bá fún ìwà ọmọ ló sábà máa ń pinnu irú ìrànlọ́wọ́ tí ọmọ náà yóò rí gbà. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú èdè Yorùbá: alágídí, olóríkunkun, aláìgbọràn, ìpáǹle. Ní Jos, ní Ìpínlẹ̀ Plateau, níbi tí Haúsá ti jẹ́ èdè ọjà, taurin kai ni wọn yóò pe ìwà náà, èyí tí í ṣe 'líle orí', bí oríkunkun gẹ́lẹ́. Èdè méjèèjì gbé ẹ̀bi ka orí ọmọ. Kò sí èyí tó béèrè ohun tó ṣe é.

Ìbéèrè yẹn kì í sì í ṣe ohun kékeré ní Jos. Rògbòdìyàn oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òmíràn tún bẹ́ sílẹ̀ ní 2008 àti ní 2010. Ọmọ tó bá fojú rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè máa ta gìrì, kó máa jà láìnídìí, tàbí kó má sọ̀rọ̀ mọ́. Nínú kíláàsì tó kún fọ́fọ́, ìjà ni olùkọ́ máa ń tètè rí. Ọmọ tó dákẹ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ kọni lóminú jù, nítorí ọmọlúàbí ni wọn yóò pè é.

Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, àtẹ̀jáde 2004, ka àwọn ọmọ tí ọkàn wọn dàrú, tó fi mọ́ àwọn tí ìwà wọn kò gún, mọ́ àwọn tí ẹ̀kọ́ àkànṣe tọ́ sí, bíi ti afọ́jú àti adití. Ṣùgbọ́n Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí Ilẹ̀ Àríwá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1960 ti fún olùkọ́ láyè láti fìyà tọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 sọ́nà, bí kò bá ti ṣe é léṣe púpọ̀. Pàṣán ló sì wà nítòsí.

Abájọ tí èrò àwọn olùkọ́ fi pín. Àwọn kan gbà pé ilé ni ìṣòro ti wá, kí òbí lọ tún un ṣe. Àwọn tó kọ́ nípa ẹ̀kọ́ àkànṣe, èyí tí Yunifásítì Jos ní ẹ̀ka rẹ̀, ni a ń kọ́ láti kọ́kọ́ ṣàkọsílẹ̀: ìgbà wo ni ọmọ ń bínú, ta ló wà nítòsí, kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú? Lẹ́yìn náà ni wọn yóò yí àyè ìjókòó rẹ̀ padà, tàbí kí wọ́n gé iṣẹ́ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Iṣẹ́ yìí ń gba àkókò, olùkọ́ tó dá nìkan dojú kọ ọmọ rẹpẹtẹ kò sì ní in. Bí ó bá mú pàṣán, kì í ṣe pé ó rorò dandan. Ó lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó kù sí i lọ́wọ́ nìyẹn.